Ìràwọ̀ tó ń wú tó ń súnkì, òun náà ló ń di òrùka

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ sì kú ooru yìí náà, ọyẹ́ ọdún yìí ò tètè dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ìràwọ̀ lálẹ́ Sátidé tó kọjá ní Bàrígà, ẹ mọ bó ṣe lọ: mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ibi tọ́rọ̀ ti dùn ni wọ́n múná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò tan, la bá gbé àga síta, àfi bíi pé wọ́n mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àwọn tí ò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, òun ni mo tẹ̀ síbí yìí, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni, mo kàn fi àwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ bi mí há àárín ẹ̀ níbi tó ti wúlò.

Gílóòbù tó wà láàárín gbọ̀ngàn yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó mú iná lọ pátápátá, ẹ rántí pé iná ọ̀hún ti ń ṣe ségesège, á pọ́n bí ọsàn, á tún mọ́lẹ̀ kedere, á tún pọ́n. Mo wá bi yín pé, tí gílóòbù kan bá ṣàdédé ṣú lójú yín láti ẹ̀yìn níbẹ̀, kí ló lè fà á? Ìyá kan dáhùn pé iná ló relẹ̀. Ó tọ̀nà. Ọmọkùnrin kan ní ó lè jẹ́ ẹnì kan ló gba iwájú ẹ̀ kọjá. Òun náà tọ̀nà. Ẹnì kẹta, mẹkáníìkì ni, ó ní tí èéfín jẹnẹrétọ̀ bá kún inú ilé, gílóòbù á dà bíi pé kò mọ́lẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é. Mo ní ẹ ti parí iṣẹ́ fún mi. Àwọn ìràwọ̀ kan wà lójú ọ̀run tí ìmọ́lẹ̀ wọn kì í dúró lójú kan, variable stars ni òyìnbó ń pè wọ́n, èmi á máa pè wọ́n ní ìràwọ̀ aláyìípadà, ohun mẹ́ta tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn náà ló ń ṣe wọ́n: òmíràn iná inú ẹ̀ ló ń lọ sókè sódò, òmíràn nǹkan ló ń gba iwájú ẹ̀ kọjá, òmíràn èéfín ara ẹ̀ ló bò ó lójú. Ẹ jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́kàn yín, a máa padà bá wọn.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ. Ní August 1596, pásítọ̀ kan ní apá àríwá Jámánì tó ń jẹ́ David Fabricius ń wọn ibi tí plánẹ́ẹ̀tì kan wà lójú ọ̀run, ó sì ń fi ìràwọ̀ kan ṣàmì. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìràwọ̀ tó fi ń ṣàmì yẹn ń mọ́lẹ̀ sí i, nígbà tó fi máa di October ó ti ń wọmi, kò pẹ́ náà ló pòórá. Ó rò pé ó ti kú nìyẹn. Ó di 1609 kó tó tún rí i, níbi tó ti rí i tẹ́lẹ̀ gan-an. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Netherlands kan, Johannes Holwarda, ló wá tẹ̀ lé e dáadáa ní 1638 títí ó fi yé e pé ṣe ni ìràwọ̀ yìí ń lọ tó ń bọ̀, pé ó tó nǹkan bí oṣù 11 kó tó yí po. Ní 1662, Johannes Hevelius sọ ọ́ ní Mira. Èdè Látìnì ni, Ìyanu ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ẹ gbọ́, nílé tiwa náà, tọ́mọ bá ti ń jẹ́ Ìyanu, a mọ̀ pé ojú ìyá ẹ̀ ti rí nǹkan kó tó bí i. Ìyanu ni mo máa pè é láti ibí lọ.

Ọjọ́ 332 ló fi ń yí po. Ẹ wò ó, bí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ṣe ń fi ọjọ́ bíi 11 ṣíwájú lọ́dọọdún, tó bá wọ inú ọ̀gbẹlẹ̀ lónìí, tó bá yá á bọ́ sínú òjò, bẹ́ẹ̀ náà ni Ìyanu ṣe ń fi nǹkan bí oṣù kan ṣíwájú lọ́dọọdún. Ọdún míì wà tí àkókò tó máa mọ́lẹ̀ jù máa bọ́ sí April, bẹ́ẹ̀ òòrùn ti wà lápá ibẹ̀ nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Mo ra bainọ́kúlà tòkunbọ̀ kan ní Yábàá, ojú ẹ̀ kan ti bu díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí dẹ́kìn ilé tá à ń gbé nígbà yẹn ní Ṣómólú, mo mọ ibi tí Ìyanu yẹ kó wà, mo mọ àwọn ìràwọ̀ tó yí i ká dunjú, ọyẹ́ méjì kọjá lọ, mi ò rí i. Ọyẹ́ kẹta, lálẹ́ ọjọ́ kan tí àdúgbò ṣókùnkùn biribiri, mo gbójú sókè, mi ò tíì mú bainọ́kúlà rárá, ìràwọ̀ kan wà níbi tí mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan. Mo sáré lọ pe ìyàwó mi. Ó wò ó títí, ó ní, "Ó pọ́n bí ẹyín iná." Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti ṣàlàyé ìràwọ̀ yẹn fún mi tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Ìyanu jìnnà sí wa tó ìrìn tí ìmọ́lẹ̀ máa rìn fún nǹkan bí 300 ọdún. Ìmọ́lẹ̀ tí mo rí lórí dẹ́kìn yẹn, ó ti wà lójú ọ̀nà tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó gba Èkó ní 1861.

Kí ló wá ń ṣe é? Ẹni tó bá ti gbé ìrẹsì kaná rí mọ̀ ọ́n. Ẹ dé ìkòkò, ooru á kóra jọ sábẹ́ ọmọrí, kò ríbi gbà, á ti ọmọrí sókè, ooru á jáde fíì, ọmọrí á padà jókòó, ooru á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ, ọmọrí á wá máa lu gbì-gbì-gbì. Arthur Eddington tó jẹ́ ará Bírítéènì ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ rí i pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè wà nínú ìràwọ̀: ìpele kan wà nínú ara ẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wọ́n bá fún un pọ̀ kì í jẹ́ kí ooru kọjá, ooru á wá ti ara ìràwọ̀ náà síta, á wú, tó bá ti wú tán ìpele yẹn á là, ooru á ráyè jáde, ara ìràwọ̀ á tún wálẹ̀. Ó ń wú, ó ń súnkì. Àwa ò rí wíwú yẹn lójú lásán, ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ la rí.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí ò yé mi fún ìgbà pípẹ́. Tí ẹ bá wọn gbogbo agbára tó ń jáde lára Ìyanu, àtèyí tójú rí àtèyí tó jẹ́ ooru lásán, kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ lójú tiwa ó lè fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà mọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí ni pé tó bá wú tó sì tutù, títéníọ̀mù inú ẹ̀ á dì mọ́ ọ́síjìn, ohun tó bá di yẹn á wá gbé ìmọ́lẹ̀ tójú wa lè rí mì. Ẹ̀yin kunlékunlé tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ mọ títéníọ̀mù, ọmọ ìyá ohun tí mò ń sọ yìí náà ló ń mú kí ọ̀dà funfun funfun. Ìyanu ń kun ojú fèrèsé ara ẹ̀ lọ́dọọdún, á sì tún fọ̀ ọ́ dànù.

Ibi tí wọ́n ti múná lọ nìyẹn, tá a bọ́ síta.

Ìràwọ̀ tó ti dé ipò Ìyanu kì í ṣe ọmọdé mọ́. Òmìrán pupa ni. Ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó fẹ́ẹ̀ rí bí òòrùn wa yìí, òun àti òòrùn wa ò fi bẹ́ẹ̀ jura wọn lọ tá a bá ń sọ ti bí wọ́n ṣe wúwo. Àmọ́ ó ti jó èyí tó pọ̀ jù nínú epo tó ń lò tán. Kóró tó kù nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún jẹ́ kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn, kò tóbi ju ayé wa yìí lọ lọ títí, ara tó wá gbé bora wú débi pé tá a bá gbé e sípò òòrùn, ayé wa á wà nínú ikùn ẹ̀. Ẹ fọkàn yàwòrán ẹ̀: ara tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kóró tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Kò di ara ẹ̀ mú dáadáa mọ́. Nígbà tó bá wá wú bó ṣe máa ń wú lọ́dọọdún, ó ń gbé gáàsì òkè ara ẹ̀ lọ síbi tó jìnnà tó sì tutù, gáàsì yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, á di eruku. Nínú Ìyanu, irú eruku ẹ̀ jẹ́ ẹbí iyanrìn, nínú àwọn míì tí kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú wọn, dúdú ìdí ìkòkò gan-an ni. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ á wá máa ti eruku yẹn, ìmọ́lẹ̀ máa ń ti nǹkan o, eruku á máa wọ́ gáàsì tẹ̀ lé ara ẹ̀, wọn ò ní padà mọ́.

Ọmọbìnrin SS2 kan tó jókòó níwájú bi mí pé, ṣé wíwú yẹn ló ń lé ara ẹ̀ dà nù ni, àbí torí ó ń da ara ẹ̀ nù ló ṣe ń wú. Ìbéèrè àgbà ni. Wíwú ló kọ́kọ́ gbé gáàsì gun àkàbà, ìmọ́lẹ̀ ló wá tì í kọjá fẹ́ǹsì. Tí ò bá sí èkíní, gáàsì ò ní dé ibi tó ti lè di eruku, tí ò bá sí ìkejì, á kàn jábọ́ padà ni.

Ìyára tó fi ń lọ ò tiẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀run, nǹkan bí kìlómítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Èkó dé Ìbàdàn nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 13, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sùn sí gòsílóò Ìbàfò rí ẹ fojú inú wò ó. Àwọn tó bá ń da ara nù gan-an nínú wọn, èyí tí wọ́n ń dà nù lọ́dún kan wúwo ju ayé wa mẹ́ta lọ. Ní 2007, àwọn tó ń lo tẹ́lískóòpù GALEX ti NASA rí ìrù kan lẹ́yìn Ìyanu tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìrù yẹn gùn tó ìrìn ìmọ́lẹ̀ ọdún 13, ohun tó ti ń dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ọdún ni. Torí Ìyanu fúnra ẹ̀ ń sáré ní nǹkan bí kìlómítà 130 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó wá ń fi ara ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn bí ọkọ̀ akóyanrìn tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ẹ̀ ò dé.

Bí iná bá kú, a feérú bojú. Ẹ mọ ìyókù òwe yẹn, ẹ fi dúró fún mi ná.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìyanu sílẹ̀ díẹ̀. Ní 1764, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Charles Messier tó ń wá ìràwọ̀ onírù rí nǹkan kan tó dà bí òwú tí wọ́n fà sílẹ̀, kì í ṣe ìràwọ̀, kì í rìn. Ní 1779 wọ́n rí òmíràn, èyí tó dà bí òrùka, à ń pè é ní Òrùka títí dòní. Nígbà tó yá, William Herschel, tó rí Uranus ní 1781, bẹ̀rẹ̀ sí í rí irú wọn káàkiri, wọ́n rí roboto, wọ́n sì ní ojú bíi ti plánẹ́ẹ̀tì nínú tẹ́lískóòpù ẹ̀, ló bá sọ wọ́n ní planetary nebula, ìyẹn ìkùukùu bíi plánẹ́ẹ̀tì. Kò sí plánẹ́ẹ̀tì kankan nínú ọ̀rọ̀ o! Orúkọ yẹn ti ṣi àìmọye èèyàn lọ́nà, ó sì ti lé mọ́ wọn lára, kò ṣe é yọ mọ́. Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá ẹ̀ ni. Ẹ rí i pé kì í ṣe àwa nìkan lojú máa ń tàn jẹ.

Kí wá ni wọ́n? Ní August 29, 1864, William Huggins ní London gbé ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Ojú Ológbò gba inú dígí tó ń la ìmọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá la ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀, òṣùmàrè lẹ máa rí, láti pupa dé àwọ̀ aró. Huggins ò rí òṣùmàrè. Ìlà aláwọ̀ ewéko tí ń tàn yòò ló rí, gbogbo ìyókù ṣókùnkùn. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé gáàsì ni nǹkan yìí, kì í ṣe ìràwọ̀ tó ṣùpọ̀. Àmọ́ ìlà ewéko yẹn ò bá èyíkéyìí mu nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti jó wò ní lábù, wọ́n wá sọ pé ohun tuntun kan tí kò sí láyé ni, wọ́n tiẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ, nebulium. Ó di 1927 kí Ira Bowen ní Amẹ́ríkà tó tú u: ọ́síjìn ni. Ọ́síjìn yìí náà tẹ́ ẹ̀ ń mí sínú, iná ti já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì kúrò lára ẹ̀, ó sì wà níbi tó fẹ́ẹ́rẹ́ débi pé nǹkan ò sábà kọlu nǹkan, ó wá ráyè tan irú ìmọ́lẹ̀ tí kò lè tàn láyé níbí. Nígbà tí mo sọ èyí, ìta dákẹ́ rọ́rọ́. Èmi náà, gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀ ni mo máa ń dákẹ́.

Báwo la ṣe wá mọ̀ pé Ìyanu àti Òrùka jẹ́ nǹkan kan náà? Ẹnì kankan ò lè dúró wò ó. Àmọ́ ẹni tí kò rí èèyàn rí, tẹ́ ẹ bá gbé e sí Oyíngbò fún wákàtí kan péré, á rí aboyún, á rí ọmọ ẹ̀yìn, á rí ọmọ tó ń kiri omi, á rí bàbá tó ń tọ́pàá, kó tó kúrò níbẹ̀ á ti mọ bí ayé èèyàn ṣe ń lọ láìjẹ́ pé ó rí ẹnì kan kó dàgbà. Ohun táwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ṣe nìyẹn. Ní 1956, Iosif Shklovsky ní Rọ́ṣíà so ó pọ̀: gáàsì tó wà nínú planetary nebula, ó ń fẹ̀ lọ síta, tẹ́ ẹ bá fà á padà sẹ́yìn, ara òmìrán pupa ni, ìràwọ̀ kékeré tó wà láàárín ẹ̀ ni kóró ẹ̀, tí kóró yẹn bá sì tutù á di aràrá funfun. Ara ti lọ, kóró kù.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ti wúlò. Ẹyín iná tó ti fi eérú bojú, tẹ́ ẹ bá wò ó láti òkè, pupa rẹ̀wẹ̀sì lẹ máa rí, tàbí kẹ́ ẹ má tiẹ̀ rí nǹkan. Ẹ fẹ́ eérú kúrò, ẹ wo inú ẹ̀. Òkè ara Ìyanu ò ju nǹkan bí dígírì 3,000 lọ, ti òòrùn wa ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àmọ́ nígbà tó bá ti da ara ẹ̀ nù títí tí kóró ẹ̀ fi yọjú, ooru ojú ẹ̀ á máa gòkè, dígírì 10,000, dígírì 20,000. Tó bá tó nǹkan bí 30,000, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde níbẹ̀ ti wá jẹ́ irú èyí tójú ò lè rí, ọ̀tràfáyólẹ́ẹ̀tì, òun ló máa wá kọlu gáàsì àná tó ti lọ síwájú, gáàsì yẹn á tan, bíi tíúbù gígùn tó ń tan níwájú ṣọ́ọ̀bù. Nǹkan tó ti jù nù tipẹ́ ló wá mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé. Àwọn kan nínú kóró yẹn máa ń kọjá dígírì 100,000.

Kì í pẹ́. Gáàsì ń fẹ̀, ó ń fẹ́lẹ́, láàárín nǹkan bí 10,000 sí 20,000 ọdún ó ti tú ká. Ẹ lè ní ìyẹn ò kéré, àmọ́ irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lo nǹkan bí bílíọ̀nù 10 ọdún láyé, tẹ́ ẹ bá ká gbogbo ayé ẹ̀ sínú ọjọ́ kan ṣoṣo, láti òru dé òru, àkókò tó fi jẹ́ òrùka ò ju kẹ́ ẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ. Ìdí tá a ṣe mọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú wọn báyìí ni pé ìràwọ̀ tó ń ṣẹ́jú pọ̀ lọ súà.

Mo ti ní a máa padà bá ohun mẹ́ta tẹ́ ẹ kà sílẹ̀. Iná tó ń lọ sókè sódò, Ìyanu nìyẹn. Ẹni tó gba iwájú gílóòbù kọjá ńkọ́? Nínú planetary nebula kan tó ń jẹ́ Abell 63, ìràwọ̀ àárín ẹ̀ ń ṣú lójijì ní wákàtí 11 sí wákàtí 11. Ìràwọ̀ méjì ni wọ́n, wọ́n sún mọ́ra gan-an, ọ̀kan ń gba iwájú ìkejì kọjá. UU Sagittae ni wọ́n ń pè é. Ẹ ronú sí i: ibi tí wọ́n wà báyìí, nígbà tí ọ̀kan jẹ́ òmìrán pupa, inú ikùn òmìrán ni èkejì á ti wà. Ó gbé e mì, èkejì ń pòyì nínú ẹ̀ bí ọmọ orógùn nínú ẹ̀wà àkàrà, pípòyì yẹn ló jẹ́ kí ara òmìrán tètè tú dà nù. Irú èyí wà lára ohun tó fà á tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi í rí roboto, tí òmíràn rí bí ìyẹ́ labalábá, òmíràn bí aago iyanrìn.

Ti èéfín ló dùn mọ́ mi jù. Ní February 1996, ará Japan kan, Yukio Sakurai, kì í ṣe iṣẹ́ tó ń jẹ ni o, ó kàn fẹ́ràn ojú ọ̀run ni, ó rí ìràwọ̀ kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo ibẹ̀ dáadáa, wọ́n rí i pé planetary nebula tó ti gbó, tó ti fẹ́ẹ̀ parẹ́, ló yí i ká. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ: ìràwọ̀ yìí ti da ara nù tán, ó ti di ẹyín iná tó ń tutù lọ, hílíọ̀mù díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lára ẹ̀ wá dédé gbaná, ó bá tún wú padà di òmìrán, láàárín ọdún díẹ̀ péré, lójú àwa èèyàn. Kò pẹ́ náà kábọ́ọ̀nù tó ń tú jáde lára ẹ̀ dì, dúdú ìdí ìkòkò bò ó, kí 1999 tó parí ó ti wọnú èéfín ara ẹ̀, tẹ́lískóòpù tó ń fojú lásán wò ò rí i mọ́. Ìràwọ̀ míì tó ń jẹ́ FG Sagittae náà ṣe irú ẹ̀, ìyẹn fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe tiẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí àwòrán tí tẹ́lískóòpù Webb fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 2022, tí gbogbo èèyàn ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òrùka kan tó wà lápá gúúsù ọ̀run, ìràwọ̀ méjì ló wà láàárín ẹ̀, èyí tó ń kú gan-an ni èyí tí eruku bò lójú.

Bàbá kan béèrè bóyá òòrùn wa náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ní nǹkan bí bílíọ̀nù 5 ọdún sí i ló máa wú, á máa mí bíi ti Ìyanu, á da ara nù, aràrá funfun á kù. Kò wúwo tó èyí tó máa bú gbàù. Àwọn òmìrán ńlá bíi Betelgeuse, tó ṣú lójijì nígbà tí 2019 ń parí lọ tí gbogbo èèyàn ń pariwo, ìyẹn ló máa bú, òun ò sí nínú ìtàn yìí.

Ẹ wá jẹ́ ká parí òwe tí mo ní kẹ́ ẹ fi dúró lẹ́ẹ̀kan: bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ ẹ̀ rọ́pò. Ní 1952, Paul Merrill rí tẹkinísíọ̀mù nínú irú àwọn ìràwọ̀ pupa yìí. Ohun kan ni tí kì í pẹ́ láyé, èyí tó pẹ́ jù nínú ẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù 4 ọdún ni ìdajì ẹ̀ fi ń jẹrà tán, ìràwọ̀ yẹn sì ti lo bílíọ̀nù. Kò lè jẹ́ pé ó bá a wáyé. Inú ìràwọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń sè é lọ́wọ́lọ́wọ́, ó sì ti gòkè wá sójú ara ẹ̀. Nígbà yẹn làwọn èèyàn fojú rí i pé ìràwọ̀ máa ń ṣe nǹkan tuntun. Púpọ̀ nínú kábọ́ọ̀nù àti náítrójìn tó wà lára wa, irú ìdáná yìí ni wọ́n ti sè é, mímí yẹn ló gbé e jáde, òrùka ló tú u ká, ìràwọ̀ míì sì fi bẹ̀rẹ̀ ayé tiẹ̀, pẹ̀lú òòrùn wa.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe máa rí Ìyanu ló kù. Èkó dára fún un ju ibi tí Fabricius ti rí i lọ, torí a ò jìnnà sí àárín ayé, ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ orí wa gan-an ló ń gbà kọjá. Ní December, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ kọjú sí ìlà oòrùn, ẹ máa rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò gbọọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta lórí okùn kan, kò sẹ́ni tí kò rí i rí. Ẹ na apá yín tán, ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ fi wọn ojú ọ̀run láti ibẹ̀ sókè, ojú ọ̀nà tí mẹ́ta yẹn fúnra wọn máa gbà náà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ẹ̀ṣẹ́ márùn-ún ó dín díẹ̀, ẹ ti débẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, ẹ kọ bó ṣe mọ́lẹ̀ tó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn aládùúgbò ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ AAVSO, láti 1911 ni wọ́n ti ń gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn ò bi yín pé ìwé mélòó lẹ kà.

Bí mo ṣe sọ èyí tán ni wọ́n mú iná dé, ẹ gbọ́ ariwo táwọn ọmọ pa, gbogbo yín gbé àga wọlé. Ọmọ SS2 yẹn ò wọlé. Ó fi ọwọ́ kan bo iná òpópónà lójú, ó na ìkejì, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó ń kà á lọ sókè, ọ̀kan, méjì, títí ọrùn ẹ̀ fi yí sẹ́yìn pátá. Ó ní, "Tíṣà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Mo ní kó sàmì síbẹ̀.